Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́wàá

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ fúnra wa. Owú ni mo jẹ. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà mi ń sọ, kì í sì í ṣe àárẹ̀. Owú gidi ni, irú èyí tí ìyálé ń jẹ nígbà tí ọkọ bá mú ìyàwó tuntun wọlé. Ọkọ tèmi ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, Ọlọ́run kó fi àlùjáńnà kẹ́ ẹ. Ọjà ló wá di ọkọ mi, Àsúmáù sì lorogún.

Ọjà wa wà ní Rye Lane, ní Peckham níbí. Ilé gígùn tóóró kan ni, ìsọ̀ mọ́kànlá ló tò tẹ̀ léra wọn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn. Èmi Kúbúrá ni mo ni ti ẹnu ọ̀nà. Aṣọ ni mò ń tà: àǹkárá, léèsì, gèlè. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó tí mò ń to aṣọ sí. Láti ìdí pákó yẹn, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Rye Lane tí ojú mi ò tó: ẹni tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì, ẹni tí wọ́n ta iṣu tó ti rà fún, ẹni tó lóun ò lówó tó sì gbé fóònù tuntun dání. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jẹ́ àgbà ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣẹlẹ̀, màá ní, "Báyìí la ó ṣe é." Wọ́n á ní, "Ó ti yé wa, Mummy." Ó tán. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi làgbà, àwọn lọmọ tuntun, ta ló tún ń bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ tuntun?

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Agboolé kan náà ni wọ́n ti bí èmi àti Àsúmáù ní Ìwó. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, èmi ni mo máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé kéwú. Ó lọ sí Holland, ó lo ogún ọdún ó lé ní Rotterdam, ó ń ká tòmátì nínú ilé onígíláàsì ńlá kan, títí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi yàn án kó máa ṣojú àwọn. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ló kó dé Peckham, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníwèé Yúróòpù. Èmi náà ni mo bá a wá ìsọ̀, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Aṣọ ló ń rán níbẹ̀. Mo rò pé ó máa wà lẹ́yìn yẹn, kó máa kí mi láàárọ̀, kó máa kí mi nírọ̀lẹ́.

Ìjà omi ẹja ló sọ ọ́ dèèyàn lójú wọn. Gbádégẹṣin ló ń ta ẹja, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Làtíìfù tó ń tún fóònù ṣe ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi ẹja ń ṣàn lọ sábẹ́ tábìlì Làtíìfù, níbi tí wáyà wà. Èmi ti dá ẹjọ́ yẹn tipẹ́. Mo ní kí Gbádégẹṣin máa palẹ̀ ẹja mọ́ láago mẹ́rin. Wọ́n ní, "Ó ti yé wa, Mummy." Ọdún méjì gbáko làwọn méjèèjì ò fi kí ara wọn, èmi ò sì mọ̀. Àsúmáù dé, ó gbé àpótí kalẹ̀, ó po tíì, ó ní kí wọ́n jókòó, ó tún ní kí obìnrin tó ń bá Gbádégẹṣin gé ẹja wá sọ tẹnu tiẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lórí omi ẹja! Nígbà tí wọ́n máa dìde, Gbádégẹṣin ti fi rọ́bà dí ìsàlẹ̀ tábìlì rẹ̀, Làtíìfù ti gbé wáyà sókè, ẹja ń tà di aago mẹ́fà, àwọn méjèèjì sì ti ń ra oúnjẹ ọ̀sán fún ara wọn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Aunty Holland. Ṣíọ̀!

Mo pè é. "Àsúmáù, kí lo fún wọn jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Aunty Kúbúrá, mi ò fún wọn ní nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Holland ni. Wọ́n ń pè é ní ọ̀nà pólídà, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ omi. Ẹ wò ó, ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Bí aládùúgbò yín ò bá tún apá tiẹ̀ ṣe lára ògiri tó dá omi dúró, ilé yín lomi máa wọ̀. Ẹ fẹ́ràn ara yín o, ẹ ò fẹ́ràn ara yín o, ẹ gbọ́dọ̀ jókòó. Títí dòní, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó oṣù, àwọn ọ̀gá, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìjọba á kọ́kọ́ jọ jókòó. Lọ́dún 1982 tí iṣẹ́ wọ́n gan-an, wọ́n jókòó nílùú kan tó ń jẹ́ Wassenaar. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà pé àwọn ò ní máa bèèrè àfikún owó bíi tàtẹ̀yìnwá, àwọn ọ̀gá náà gbà láti dín wákàtí iṣẹ́ kù kí iṣẹ́ lè kárí. Kò sẹ́ni tó rí gbogbo ohun tó fẹ́. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ò ju, 'Kí lo lè fara mọ́?'"

"Ilé tómi fẹ́ wọ̀," mo ní, "ẹ ò sá. Ẹ jókòó, ẹ ń mu kọfí."

Àsúmáù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Rahmah ọmọ mi tó ń bá mi tajà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ Àsúmáù ló ń wò bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, kì í ṣe èmi. Mo rí i. Ó dùn mí.

Oṣù tó kọjá ni Bethany, òyìnbó tó ń ṣojú onílé wa, mú lẹ́tà wá. Àwọn panápaná ní ẹnu ọ̀nà wa há jù, pé bí iná bá ṣẹ́ yọ, èèyàn ò ní ráyè jáde. Àfi kí wọ́n ṣí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wọn ìsọ̀ mi láti igun dé igun, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni. Onílé ní bí gbogbo wa bá mú ètò kan ṣoṣo wá, tí gbogbo ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìsọ̀ fọwọ́ sí i, òun á fún wa ní ọdún mẹ́wàá sí i. Bó bá ku ẹyọ ẹnì kan, òun á gba ilé òun, òun á fi ṣe ilé oúnjẹ. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ Jímọ̀ ló parí.

Ẹ ti rí bó ṣe rí. Ìsọ̀ mi ló wà lójú ọ̀nà. Tí mo bá jókòó síbẹ̀, ọjà á fọ́. Tí mo bá kúrò níbẹ̀, kí ló kù fún mi láyé?

Ìjókòó àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí wọ́n lè dúró dè mí. Mo dé, mo ń wá àga mi tó máa ń wà lókè. Kò sí àga. Wọ́n to àpótí yípo, kò lórí, kò nídìí. Làtíìfù dìde, ó ní, "Mummy, ẹ jókòó síbí." Mo jókòó sáàárín ẹlẹ́ja àti obìnrin tó ń ta irun. Èmi!

Mo ń retí kí wọ́n bi mí léèrè. Ta ni Àsúmáù máa kọjú sí? Ọmọ mi. "Rahmah, orúkọ ìwọ náà wà lórí ìwé ìsọ̀ yín. Kí ni ìwọ fẹ́?" Òótọ́ ni, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ni mo fi orúkọ rẹ̀ sí i. Fún orúkọ lásán ni, kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ sísọ.

Rahmah wò mí, ó wolẹ̀. "Mummy, I'm not being rude o. Mo fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wa wà níwájú, honestly. But ó wù mí kí n máa tètè lọ ní Tuesday, because of my class. It's just... kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Ẹ gbà mí o! Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́ ọmọ yìí. Mo pọ̀n ọ́n, mo tọ́jú rẹ̀, mo ra ẹ̀wù iléèwé. Kò sẹ́ni tó bi í rí! Níwájú Àsúmáù ló ti sọ ọ́, tí Àsúmáù sì ń mi orí bí ẹni pé òun ló bí i. Mo dìde.

"Rárá ni tèmi," mo ní. "Ohun yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, rárá."

"Mummy," Gbádégẹṣin ní, "a ò tíì sọ nǹkan kan o."

"Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, rárá!"

Mo ń retí kí Àsúmáù gbaná jẹ, kí n lè rí nǹkan bú. Ó kàn gbé ìkòkò tíì sílẹ̀. "Ó dáa. Bí Aunty Kúbúrá bá ní rárá, a ò tíì parí nìyẹn. A ó tún jókòó." Ẹ wo ìwà yẹn. Ìbá bú mi, ìbá sàn.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lọ síbẹ̀ mọ́. Wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ń rán mi níṣẹ́, rárá ni mò ń dá padà. Mo wá rí Àsúmáù àti Rahmah tí wọ́n ń gbé tépù kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, Àsúmáù ń wọ̀n, Rahmah ń kọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní, "Ẹ̀ ń wọn pósí mi ni?" Rahmah ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí i lẹ́yìn, ó jókòó ti Àsúmáù, ó ń jẹ bísíkíìtì Holland kan báyìí, èyí tí wọ́n fi oyin àárín lẹ̀ pọ̀. Ọmọ tó ní ṣúgà ò bá òun lára mu nílé mi! Mi ò lè jẹun alẹ́.

Ó mú ìwé kan wá fún mi lọ́jọ́ Ajé. "Mummy, please, ẹ kàn kà á."

"Ìwé tí Àsúmáù kọ?"

"Gbogbo wa la kọ ọ́."

"Bó bá kan ọwọ́ mi, màá fà á ya." Ó mú un kúrò. Mo rí i pé ó nu ojú rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Bẹ́ẹ̀ lèṣù ṣe tì mí dé Catford, Ọlọ́run dárí jì mí. Ọjọ́rú ni. Mo sọ fún Rahmah pé mò ń lọ gba oògùn, mo wọ bọ́ọ̀sì, ó di ọ́fíìsì Bethany. Mo jókòó bí àgbà. Mo sọ fún un pé èmi ló yẹ kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹsẹ̀ ìsọ̀ mi ò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi tèmi sílẹ̀ níbi tó wà. Àwọn yòókù, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi wọ́n ṣe." Gbogbo ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, ní gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní.

Bethany wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ẹ ò tíì ka ètò náà ni?" Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ó ti ya ètò tí Àsúmáù mú wá síbẹ̀. Àwọn ìsọ̀ mẹ́wàá yòókù, oníkálukú gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nínú tiẹ̀, wọ́n sì sún sẹ́yìn, kí tèmi lè wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Wọn ò gé tèmi rárá. Èmi náà ṣì ni àkọ́kọ́. Ojú mi ṣì ń wo Rye Lane. Bethany ní òun ti sọ fún Àsúmáù pé bí wọ́n bá mú ìbuwọ́lù àwọn yòókù wá láìsí tèmi, òun lè bá wọn bẹ onílé, kí wọ́n wá yọ mí kúrò. Ó ní Àsúmáù fèsì pé níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń sọ pé rárá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń yọ, ẹni tí wọ́n ń dúró dè ni.

Ẹ̀yin á rò pé inú mi dùn. Rárá o. Inú mi kò dùn, ó tún wá burú sí i! Ṣé òun náà ló tún máa gbà mí là? Ọmọ tí mo fà lọ́wọ́ lọ sílé kéwú? Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, omi ń bọ́ lójú mi, mo ń ṣépè fún un, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ọjọ́bọ̀, ìjókòó ìgbẹ̀yìn, mo lọ. Inú wọn dùn láti rí mi, ìyẹn ló wá ń gún mi. Àsúmáù ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, "Kí lẹ lè fara mọ́?" Gbádégẹṣin ní, "Ẹsẹ̀ bàtà kan." Làtíìfù tí ìsọ̀ tiẹ̀ ò ju àpótí lọ, tábìlì kan àti àga kan ṣoṣo, ó fa irùngbọ̀n, ó ní, "Ẹsẹ̀ bàtà kan." Ó yí ká, ó kàn mí. Mo ní, "Mo fara mọ́ ọn." Wọ́n pàtẹ́wọ́! Mo ti mú bírò. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti bọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Ó ku Rahmah," Àsúmáù ní. "Rahmah, ìwọ ńkọ́?"

"Rárá," Rahmah ní.

Ohùn mi gan-an ló jáde lẹ́nu ọmọ yẹn.

"Bethany rang the shop láàárọ̀," ó ní. "Mi ò ní fọwọ́ sí i, àfi tí Mummy bá sọ ibi tí wọ́n lọ lánàá."

Ẹ wò mí. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi ò ní fọwọ́ sí i, ọ̀la ni Jímọ̀, ọjà tán. Bí mo bá sọ ọ́, ẹni mẹ́wàá ló lè gba ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ padà lójú mi. Mo wo Àsúmáù, mo rò pé ó máa gbà mí sílẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Kò mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀.

"Catford ni mo lọ," mo ní. "Mo lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìsọ̀ tèmi nìkan sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀yin yòókù ṣe ohun tó bá wù wọ́n." Mo gbé bírò sílẹ̀. "Owú ni. Mò ń jowú Àsúmáù. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i ju bẹ́ ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí mi lọ."

Gbádégẹṣin ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin onírun dìde, ó lọ dúró síta, ó tún padà wá jókòó. Àsúmáù nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn.

"Ọ̀rọ̀ ti yí padà," ó ní. "A gbọ́dọ̀ tún bi ara wa."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Wọ́n ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wojú mi mọ́. Gbádégẹṣin ní Jésù ní ká máa dárí jini, pé òun ń gbìyànjú, ẹsẹ̀ bàtà òun ṣì wà níbẹ̀. Ó kan Làtíìfù. Mo ń ka àwọn fóònù tó so kọ́ ara ògiri rẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì yín o, Mummy," ó ní. "Kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n mo lè fara mọ́ ọn."

"Ó dùn mí dọ́kàn," Àsúmáù náà ní nígbà tó kàn án. "Láti Ìwó ni mo ti mọ̀ yín. Mo lè fara mọ́ ọn."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nínú tèmi, kí wọ́n dá ti Làtíìfù padà fún un. Kò dúpẹ́. Ó kàn mi orí, Rahmah sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i.

Onílé ti fún wa ní ọdún mẹ́wàá náà. Wọ́n gé pákó ọkọ mi, mo dúró tì wọ́n tí wọ́n fi gé e tán. Àwọn èèyàn ń kí mi lọ́jà, wọ́n ṣì ń pè mí ní Mummy, àmọ́ bí mo bá ní, "Báyìí la ó ṣe é," wọ́n á ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká jókòó ná."

Lánàá, Tuesday, Rahmah palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láago mẹ́ta, ó kí mi, ó gba ẹ̀yìn lọ kí Àsúmáù kó tó jáde. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti iwájú. Mo tú gèlè kan tí mo ti ká, mo tún un ká. Kò pẹ́ tí Àsúmáù fi gbé tíì dé, ó gbé e lé orí pákó tó kù.

"Aunty Kúbúrá, ṣé ẹ ṣì ń jowú mi ni?"

Mo tọ́ tíì náà wò. Ṣúgà rẹ̀ pé.

"Mo ṣì ń jowú rẹ, Àsúmáù," mo ní. "Ṣùgbọ́n mo lè fara mọ́ ọn."